Ọkọ̀ Àlàní àti Àga Bàbá Ìyàwó Rẹ̀

Ní Bè, ní ìlú Lomé, ẹni tó bá ra mọ́tò, ẹ̀gbẹ́ títì ló ń gbé e sí kí gbogbo ayé lè rí i. Àlàní nìkan ló ní ọkọ̀ tí kò lè gbé jáde láìpe aládùúgbò mẹ́fà, tí kò sì lè gbé wọlé padà láìbẹ ìyàwó rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi ni. Ó gùn tó bẹ́ẹ̀dì méjì tí a tò tẹ̀léra, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi kàn án, ó ní òpó kan àti ìgbòkun méjì, ńlá àti kékeré. Afẹ́fẹ́ ló ń tì í lọ. Kò mọ ẹ́sáǹsì, kò mọ mẹkáníìkì. Àwọn Faransé ló ya irú rẹ̀ sórí ìwé ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn fún àwọn tí wọ́n fẹ́ràn omi ṣùgbọ́n tí àpò wọn kò fẹ́ràn rẹ̀. Vaurien ni wọ́n sọ ọ́, èyí tó túmọ̀ sí ọmọ tí kò wúlò fún nǹkan kan. Ọjọ́ tí Àlàní ṣàlàyé ìtumọ̀ yìí fún Àdùkẹ́ ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà wo ọkọ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ó ní:

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ti tó ẹ̀yin méjèèjì.”

Ọkùnrin tí a ń sọ yìí, Lomé ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti gbé ẹrù wá. Ní Adakpamé, nítòsí èbúté, ló ti ń rán tapólì tí àwọn onítírélà fi ń bo ẹrù tó ń lọ sí òkè ọ̀hún, ọ̀nà Burkina. Bí ẹ bá gbọ́ pé òjò pa sìmẹ́ǹtì kan lójú ọ̀nà, ẹ má dààmú ara yín, kì í ṣe tapólì Àlàní ló bò ó. Ó ga, ó rọra ń sọ̀rọ̀, kò sì ní àléébù kan tí a mọ̀, àfi pé ó ń kí ènìyàn. Ó ń kí alágbàṣe, ó ń kí ọlọ́pàá, ó ń kí oní-sẹ́mìjáàn, ìyẹn ọlọ́kadà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a. Ẹni tó bá bá a rìn láti Bè dé Adewui, ó yẹ kó gbé oúnjẹ dání.

Bí ọkọ̀ ṣe dé ọwọ́ rẹ̀ kò gba àlàyé. Tíṣà òyìnbó kan ló ní kó bá òun rán ohun tí òun yóò fi máa bò ó. Nígbà tí òyìnbó ń padà sí ìlú rẹ̀, kọntéńà kún, ó wá kù kó yàn láàárín ọkọ̀ àti àga onítìmùtìmù ìyàwó rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbéyàwó mọ èyí tó yàn. Ó ní kí Àlàní máa bá òun tọ́jú ọkọ̀ náà títí òun yóò fi ránṣẹ́. Kò tíì ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó kọ́ Àlàní ní ohun mẹ́ta lórí ọ̀sà Bè: fà á, tú u, tẹrí ba. Ti ìkẹta yẹn ló pẹ́ kó tó yé Àlàní, nítorí igi ìsàlẹ̀ ìgbòkun kì í sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Àpá rẹ̀ ṣì wà níwájú orí rẹ̀ dòní.

Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹjọ, wọ́n máa ń fi ọkọ̀ onígbòkun díje lórí ọ̀sà. Àwọn tó ń díje, ọkọ̀ oníke funfun ni wọ́n ń wà, tó ń dán bí ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Nígbà tí Àlàní kọ́kọ́ gbé pákó rẹ̀ dé, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnìkan bi í bóyá ó wá ta igi ìdáná. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ Vaurien tẹ́jú bí àwo ìfẹ́kà. Kì í gé omi. Orí omi ló ń yọ̀ lọ, bí ọmọ tó ń sá fún ìwẹ̀. Àlàní ló gba ipò kìíní. Wọ́n ní oríire ni. Lọ́dún kejì, ó tún gbà á. Wọ́n ní òwú tó fi rán ìgbòkun ni, pé òwú tapólì kì í ṣe òwú lásán. Lọ́dún kẹta tó gbà á, wọ́n dẹ́kun ọ̀rọ̀, wọ́n yan ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ wọn ọkọ̀ náà níwá lẹ́yìn, wọn kò rí nǹkan kan bí kò ṣe igi, àti ihò kékeré kan tí wọ́n fi ṣingọ́ọ̀mù dí.

Lẹ́yìn náà ni Alàájì Rídúwánù fẹ̀yìn tì.

Alàájì Rídúwánù ni bàbá Àdùkẹ́. Láti ìgbà tí ọjà ńlá Lomé ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ti ń ta abọ́ tánganran níbẹ̀, nígbà tó sì fi ọjà sílẹ̀, ó kù kó wá ibi tí yóò máa jókòó sí. Wọ́n sọ fún un pé ọkọ ọmọ rẹ̀ ń ṣe bẹbẹ lórí ọ̀sà. Ó gbé àga, ó dé fìlà funfun, ó wá ibi tí òjìji ti dára lábẹ́ igi dógóyárò létí omi, ó jókòó. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n so bídọ̀n pupa tó kẹ́yìn mọ́, kẹ́ẹ̀gì tó ń léfòó tí gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yípo kí wọ́n tó kọjú sílé. Láti orí àga náà, téèyàn bá na ọ̀pá, ó lè kan ọkọ̀ tó ń kọjá.

Ó dáa. Lọ́dún kẹrin, Àlàní ló síwájú. Ó yí bídọ̀n pupa ká, ó gbójú sókè, ó rí fìlà funfun. Ọwọ́ rẹ̀ kò béèrè lọ́wọ́ orí rẹ̀. Ó ju okùn ìgbòkun sílẹ̀, ó ṣí fìlà, ó dojú bolẹ̀ nínú ọkọ̀: “Ẹ káàsán, Bàbá!” Ìgbòkun bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí aṣọ orí okùn, ọkọ̀ náà sì kọrí sí bèbè omi bí ẹni pé òun náà fẹ́ kí Alàájì. Alàájì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ọmọlúàbí kì í dìde nígbà tí àdúrà àna ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣe àmín tó kẹ́yìn, àwọn yòókù ti dé ilé, wọ́n ti ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Lọ́dún karùn-ún, ó gbọ́n. Ó fi áńkáṣífì de ọwọ́ rẹ̀ mọ́ okùn, ó sì bá ara rẹ̀ pinnu pé òun kò ní wo apá ibẹ̀ yẹn. Kò sì wò ó. Alàájì wú ikọ́. Ọwọ́ tí a dè mọ́ okùn kí Alàájì tòun ti okùn, ìgbòkun fà, ọkọ̀ dojú dé, Àlàní àti ẹnìkejì rẹ̀ bọ́ sínú ọ̀sà. Títí di òní, Alàájì ń ròyìn rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí pé: “Ẹ̀yin ní àna? Tèmi dọ̀bálẹ̀ fún mi títí ó fi wọ inú omi. Ọmọ gidi ni. Ó kàn jẹ́ pé kò mọ ọkọ̀ wà.”

Ẹnìkejì tó bá a bọ́ sómi ni Ulrich, wẹ́dà kan tí ìdílé rẹ̀ ti apá Atakpamé wá. Bí ó ti ń fún omi kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó ní:

“Bọ̀ọ̀dá Àlàní, ẹ sọ fún Bàbá kí wọ́n sún àga wọn díẹ̀.”

“Ìwọ lo máa sọ fún wọn?”

“Èmi kẹ̀? Ṣé èmi ni mo fẹ́ ọmọ wọn?”

“Kí n wá lọ bá bàbá ìyàwó mi pé, ‘Bàbá, ẹ dìde níbi tẹ́ ẹ jókòó sí, ẹ ń dí mi lọ́wọ́’?”

Ulrich ronú sí i. Ó ní, “Pàdánù náà kì í pa èèyàn.”

Kì í pa èèyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè pa ọkọ̀. Àdùkẹ́ ń ta ẹja dídì ní ọjà Adewui, ọjà rẹ̀ sì ń gbòòrò. Fírísà kan kò tó mọ́. Ó ra èkejì, èyí tó tóbi bí ẹnu ọ̀nà gáréèjì, ó gbé e sọ́dọ̀ Gabriel káfíńtà ní òdìkejì títì, nítorí pé kò sí àyè fún un nínú àgbàlá. Ibi kan ṣoṣo tí Àdùkẹ́ rò pé ó lè gbà á ni ibi tí ọkọ̀ sùn sí. Ní àkókò tí ọkọ̀ ń gba ife, Àdùkẹ́ fara dà á. Ó tilẹ̀ máa ń gbé ife náà sórí tábìlì ẹja, àwọn oníbàárà a sì máa bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún tí wọ́n bọ́ sómi, ó bá ọkọ rẹ̀ jókòó.

“Bàbá Fúnmiláyọ̀, ọkọ̀ tó ń borí, àlejò ni, mo lè fún un níbùsùn. Ọkọ̀ tí kò borí, igi ni. Gabriel ní òun lè fi í ṣe pẹpẹ tí fírísà á dúró lé, kó sì ku pákó díẹ̀ fún ṣẹ́ẹ̀fù.”

“Ìyá Fúnmi…”

“Ẹ jẹ́ kí n parí. Oṣù kẹjọ tó ń bọ̀. Tó bá gba ipò kìíní, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án mọ́ títí láé. Tí kò bá gbà á, Gabriel á mú ayùn wá lọ́jọ́ kejì. Ṣé a ti gbọ́ra wa yé?”

Ẹja rẹ̀ ló wà lẹ́nu Àlàní lọ́wọ́ yẹn. Ẹnu tó kún kì í jiyàn.

Ọjọ́ ìdíje pé. Afẹ́fẹ́ oṣù kẹjọ ń fẹ́ láti ìhà òkun bí ẹni tó ń wá ìjà, ewé igi àgbọn ń dorí kodò. Àlàní ti gbé òpó dúró, ó ti so ìgbòkun mọ́ ọn, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

“Bọ̀ọ̀dá, ìyàwó mi ti ń rọbí o,” ni ohùn Ulrich.

“Nísinsìnyí?”

“Kò bi mí ní wákàtí tó rọ̀ mí lọ́rùn.”

Àlàní ṣàdúrà fún un pé kí ìyàwó rẹ̀ sọ̀ layọ̀, ó pa fóònù, ó sì wo ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo màlúù tí wọ́n fẹ́ fi ṣe iléyá. Òfin kò gba ẹnìkan ṣoṣo láàyè nínú ọkọ̀. Prisca, ọmọbìnrin ìgbìmọ̀ tó ń fọn fèrè, tó ń pe ọkùnrin àgbà ní Tọ́ńtọ́n, sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ẹ̀rín: “Èèyàn méjì, Tọ́ńtọ́n, àbí kẹ́ ẹ jókòó.” Afẹ́fẹ́ tó sì le tóyẹn, kì í ṣe èèyàn gbígbẹ ló ń fẹ́, ẹni tó máa jókòó sí etí ọkọ̀ kó lè dì í mú kó má dojú dé ló ń fẹ́.

Nígbà yẹn ni Àdùkẹ́ dé pẹ̀lú Gabriel. Gabriel fi téèpù ìwọ̀n kọ́ ìgbànú. Kò fi pamọ́.

Serge náà ti wà níbẹ̀. Serge ni ọ̀dọ́kùnrin tó gba ife ní ọdún méjèèjì tí ìkíni dá Àlàní dúró. Ọkọ̀ rẹ̀ tuntun, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kó o wá. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó wọ awò dúdú, ó sì ń rìn bí ẹni tí afẹ́fẹ́ jẹ́ ti bàbá rẹ̀. Ó gbọ́ pé Ulrich kò ní wá.

“Tọ́ńtọ́n, ẹ lọ sinmi, ẹ ti gbìyànjú,” ló wí. Ó wá yí sí Àdùkẹ́. “Tántì, ẹ mú ẹja wá fún wa nírọ̀lẹ́, a ó fi igi Tọ́ńtọ́n yan án.”

Bẹ́ẹ̀ ni Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń pe ọkọ̀ yẹn ní igi láti ọdún tó kọjá. Àmọ́ ohun téèyàn ń pe ọmọ rẹ̀ nínú yàrá, kì í fẹ́ kí ará ìta fi pè é. Ó bọ́ bàtà. Ó fún Gabriel ní báàgì rẹ̀. Ó ṣán ìró rẹ̀ mọ́ra, ó fi ọ̀já lé e, ó sì wọ inú omi dé orókùn.

“Bàbá Fúnmi, ibo lèèyàn ń jókòó sí nínú nǹkan yìí?”

Àlàní wò ó. “Ìyá Fúnmi, ṣé o rántí pé tí a bá borí, fírísà ò ní ibùgbé?”

“Mo rántí. Ẹ wa ọkọ̀.”

Prisca fọn fèrè.

Àdùkẹ́ kì í ṣe èèyàn kékeré, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gbé páálí ẹja dídì. Nígbà tó jókòó sí etí ọkọ̀ tó sì fẹ̀yìn sórí omi, afẹ́fẹ́ tó ń da ọkọ̀ àwọn yòókù láàmú bá ẹni tó jù ú lọ pàdé. Vaurien dúró ṣánṣán, ó gbé imú sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí omi. Ọkọ̀ kan dojú dé lápá òsì. Òmíràn wọ inú ewéko. Láìpẹ́, ó ku Serge nìkan níwájú.

“Fà á!” ni Àlàní ń pariwo.

“Èwo?”

“Okùn tínńrín yẹn!”

“Gbogbo okùn yín ló tínńrín!”

“Tú u! Tẹrí ba!”

Ó tẹrí ba. Àwọn aládùúgbò tó wà létí omi gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ń bára wọn sọ ọ́ títí di àkókò yìí pé ọ̀sà Bè nìkan ni ibi tí Àlàní ti pàṣẹ fún Àdùkẹ́ tó sì gbà lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bídọ̀n pupa tó kẹ́yìn, ẹ̀yìn àwọn ilé ló wà, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti ìhà òkun wá bíi tọjọ́ náà, ilé àti igi dógóyárò ló ń dí i níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe yí i ká, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ṣe kú pátápátá. Serge wà níwájú pẹ̀lú ìwọ̀n ọkọ̀ kan péré, kò lọ, wọn kò lọ. Àdùkẹ́ ṣì jókòó sí etí ọkọ̀ níbi tí wọ́n fi í sí. Ní afẹ́fẹ́ líle, ibẹ̀ ni àyè rẹ̀. Ní afẹ́fẹ́ tó kú, ṣe ni ọkọ̀ ń wọ́ ìdí nínú omi, tó ń dún gbúlú-gbúlú bí ìgò tí omi ń wọ̀. Àlàní mọ̀ pé ó yẹ kí Àdùkẹ́ bọ́ síwájú, kó sún sí apá kejì. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá ọkọ tó máa sọ fún ìyàwó rẹ̀, létí àwọn ará Bè gbogbo, pé wíwúwo rẹ̀ ló ń dí òun lọ́wọ́.

Ó wá gbójú sókè. Fìlà funfun.

Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú kúrò lára okùn.

“Bàbá Fúnmi,” ni Àdùkẹ́ wí, láìwẹ̀yìn, “ẹ ò gbọdọ̀ fi okùn yẹn sílẹ̀.”

“Bàbá ló wà níbẹ̀ yẹn.”

“Bàbá ta ni?”

“Bàbá ẹ.”

“Èmi ni kí n kí bàbá mi, nígbà náà. Ẹ di okùn mú.”

Ó dìde lórí etí ọkọ̀, ó gba abẹ́ ìgbòkun kọjá síwájú, sí apá tó kọjú sí bèbè, ó sì kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

“Ẹ káàsán, Bàbá. Àlàní náà ń kí yín, ọwọ́ ẹ̀ dí.”

“Àdùkẹ́?” Alàájì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. “Kí lo ń wá nínú omi?”

“Mò ń bá ọkọ mi ṣiṣẹ́ ni, Bàbá.”

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Alàájì. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí i.”

“Àmín.”

“Ẹ ò ní ṣiṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ.”

“Àmín, Bàbá.”

Bí ìyẹn ti ń lọ, gbúlú-gbúlú ẹ̀yìn ọkọ̀ dákẹ́. Ìdí Vaurien ti gbéra kúrò nínú omi. Ọkọ̀ náà rọra fì sí apá bèbè, ìgbòkun ńlá rọ̀ sí apá ibẹ̀ fúnra rẹ̀, ó yọ ikùn díẹ̀, ó sì rí atẹ́gùn kékeré kan mú, èyí tí kò tó fẹ́ná. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ. Àdùkẹ́ kò lè dìde, nítorí Alàájì kò tíì dé orí àwọn ọmọ, àwọn ọmọ ọmọ, ìlera àti ọjọ́ alẹ́. Nígbà tí Alàájì rí i pé àwọn tí òun ń ṣàdúrà fún ti fẹ́ máa lọ, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde lórí àga, ó sì ń bá wọn rìn létí omi. Àgbà kì í dá àdúrà sí méjì.

Serge ti dìde dúró nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó ń mi òpó, ó ń bú afẹ́fẹ́ ní èdè Mina. Vaurien gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú obìnrin kan tó kúnlẹ̀ níwájú àti ọkùnrin kan tó ń ṣe àmín lẹ́yìn tó sì di okùn mú bí ẹ̀mí rẹ̀.

“Prisca!” ni Serge ké. “Ṣé ó wà nínú òfin kí wọ́n máa gbàdúrà ni?”

Prisca ronú. “Òfin ní kò gbọdọ̀ sí ẹ́ńjìnnì, kò gbọdọ̀ sí àjẹ̀,” ló dáhùn. “Kò sọ̀rọ̀ nípa àmín.”

Ó ku díẹ̀ kí Serge bá wọn lójú ìlà. Díẹ̀ yẹn náà ni wọ́n fi gbà á.

Àwọn ará Bè bú sí ariwo. Gabriel káfíńtà tú téèpù kúrò ní ìgbànú, ó kó o sápò. Ṣùgbọ́n Àlàní kò dúró gba ìkíni ẹnikẹ́ni. Ó ti kọjá níwájú bàbá ìyàwó rẹ̀ láìfi ara rẹ̀ kí i. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó fi tòun ti omi sáré lọ bá Alàájì létí ọ̀sà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀.

“Àlàní,” ni Alàájì wí, “mo rò pé ojú mi ló ti di bàìbàì. O kọjá mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Okùn ló mú mi lọ́wọ́.”

“Kò burú. Ó yẹ kí n tún àdúrà yẹn ṣe fún ìwọ alára.”

Ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Prisca ń pe orúkọ Àlàní nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé kó wá gba ife, ó pè é, ó tún un pè. Kò sí ẹni tó lè jẹ́. Àdùkẹ́ fún omi lára ìró rẹ̀, ó jáde lọ, ó gba ife.

Gabriel gbé báàgì rẹ̀ tọ̀ ọ́ wá. “Màdáàmù, fírísà ńkọ́? Ó ti gba gbogbo ẹnu ọ̀nà mi.”

Àdùkẹ́ ti ronú kan ọ̀rọ̀ yẹn, bóyá nígbà tó wà lórí ìkúnlẹ̀. “Wá lọ́la,” ló wí, “kó o wọn abẹ́ igi máńgò, ibi tí Bàbá Fúnmi àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti ń ta lúdò.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ọkọ̀ ṣì ń sùn nínú àgbàlá, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Lúdò ló ṣí lọ sí ẹnu ọ̀nà Gabriel. Ulrich bí obìnrin, ó sọ ọ́ ní Victoire, ìyẹn ìṣẹ́gun, ó sì gbọ́ pé àyè òun nínú ọkọ̀ ti lọ. Fọ́tò ọjọ́ náà wà lórí ògiri ní Adewui, lókè tábìlì ẹja: Àdùkẹ́ gbé ife sókè, Serge ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún sì ni àtẹ́lẹsẹ̀ méjì tó kún fún ẹrẹ̀ wà, tí a kò rí ẹni tó ni wọ́n.

“Ìyá Fúnmi, ẹsẹ̀ ta nìyí?” ni àwọn oníbàárà máa ń bi í.

“Ẹsẹ̀ atukọ̀ mi ni,” ni Àdùkẹ́ máa ń dáhùn. “Ẹja mélòó ni kí n wọ̀n?”